Ọta Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ rọra wọlé. Òkúta dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn
kì í ṣe òkúta.
Irin ni. Òun ló ń di ilẹ̀kùn wa mú
bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ bá dé lọ́sàn-án,
orí ẹ̀ náà ni àbúrò mi Wàkílù ti ń fọ́ ekùrọ́.

Ìyá àgbà Mòríyátù ní
ìyá tó bí ìyá ìyá òun ló bá a nínú àgbàlá,
ó ṣì gbóná, ó ti ri ara ẹ̀ dé ìdajì mọ́lẹ̀
níbi tí wọ́n ń sá aṣọ aró sí.
Ọkọ̀ eléèéfín ló yọ sórí ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ náà.
Àwọn apẹja rò pé ilé kan ló ń jó bọ̀ lórí omi.
Ọmọdé kan tiẹ̀ ń juwọ́ sí i.

Àgbá dún.
Ó dún tán, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ohùn ara ẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Iná mú koríko òrùlé, ó ń ti ilé dé ilé
bí òfófó.

Mo bi í pé kí ló dá ìjà sílẹ̀.
Ó ní àwọn kan ní ọ̀rọ̀ epo ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹrú ni,
àwọn kan ní ìwé kan wà tí ẹnìkan ò fọwọ́ sí.
"Aláró ò mọ̀wé.
Aṣọ mẹ́tàdínlógún ló jóná níṣojú ẹ̀, ìyẹn ló mọ̀.
Ó sì mọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ó ka orúkọ wọn fún ọmọ ẹ̀, ọmọ kà á fún ọmọ:
ti Òyéníhùn elépo,
ti Àbẹ̀ó, tó fẹ́ fi tiẹ̀ ṣe ìkómọ,
ti ìyàwó Fádáyìísí, aláwọ̀ ewé, tí kò tíì gbẹ…
Tó bá kan ẹlẹ́ẹ̀kẹtàlá, Ìyá àgbà á dákẹ́.
Mẹ́rin ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan
gun zẹ́mìjàn wá láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé,
ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó fi okùn wọn ọta náà,
ó ya fọ́tò ẹ̀ bí ẹni ya ìyàwó.
Ó ní inú gíláàsì ni wọn yóò gbé e sí.
"Ta ni yóò wá máa di ilẹ̀kùn mi mú?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ ó kọ orúkọ àwọn aláṣọ sí i lára?"
Ó ní àyè ò tó, ọdún àti orúkọ ọkọ̀ nìkan ni.
"Ó dáa. Ẹ lọ gbé ọkọ̀ náà wá,
kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sí òun náà lára."

Mo yí i kúrò lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ gbálẹ̀.
Ibi tó jókòó sí ti jin bí àtẹ́lẹwọ́.
Òjò rọ̀ kí n tó dá a padà, adìẹ wá mu nínú ẹ̀.

Lóru ìjẹta, Ìyá àgbà jí mi.
"Mo rántí ọ̀kan," ó ní, ó sì dárúkọ ẹ̀ sí mi létí.
N ò ní í sọ ọ́ níbí.
Àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ṣì wà ládùúgbò,
wọn ò sì tíì san owó aró.