Òdòdó Àgékù

Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́ ní Ṣípéolú,
tí Ọ̀gá Mùtíù ti lọ kírun alẹ́,
mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé bébà,
mo ń ṣa àgékù sínú láílọ́ọ̀nù:
pupa láti ara kàlẹ́ńdà ìjọ kan ní Bàrígà,
ìyeyè láti ara ìwé ìpè ìgbéyàwó,
àwọ̀ ewé láti ara páálí oògùn ẹ̀fọn.
Ọ̀la ni wọn ì bá dáná sun wọ́n.

Àwẹ̀ró, ìyá mi, kì í ṣe ẹni òdòdó.
Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo já ọ̀kan wálé
láti ẹ̀yìn ògiri ilé ìwòsàn,
ó wò ó títí, ó ní,
"Ṣé wọ́n ń fi í se ọbẹ̀ ni?"
Síbẹ̀ ó tì í bọ agolo mílíìkì,
ó bu omi sí i,
kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò lójú fèrèsé
títí ó fi rọ, tó dúdú, tí omi ń rùn.

Agolo yẹn ni mò ń rántí bí mo ṣe ń ká bébà.
Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe igi rẹ̀,
wáyà inú okùn iná tó ti kú ni mo fi so ó,
ẹ̀kọ tó kù láàárọ̀ ni mo fi lẹ̀ ẹ́.
Èkíní fà ya.
Èkejì dà bí etí ewúrẹ́.
Nígbà tó fi di ẹ̀kẹjọ,
àtàǹpàkò mi ti mọ ibi tó ń lọ.

Ọ̀kan nínú wọn gbé ọ̀rọ̀ wá sójú:
"…ó sùn nínú Olú…"
Àgékù ìwé ìkéde òkú ni, ẹni tí n kò mọ̀ rí.
Mo yí i padà, mo fi ojú funfun síta.
A kì í gbé òkú olókùú lé ìyá ẹni lọ́wọ́
lọ́jọ́ tó pé àádọ́rin ọdún.

Iná ò sí nígbà tí mo délé.
Èmi nìkan ni mo nílò àtùpà;
ọdún kẹta rèé tí kùrukùru ti bo ojú tirẹ̀.

"Màmá, òdòdó ni mo mú wá."
"Òdòdó kí ni?"
Mo gbé e lé e nítan.
Kò gbé e sí imú.
Ìka rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀,
ìka tó ká ìwé fún ọdún mẹ́tàlélógún
nílé ìdìwé kan lójú ọ̀nà Bájùláyè,
ojú ìwé mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan,
tó ń fi egungun ẹran tẹ etí rẹ̀ kó lè dùbúlẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wọn wò:
"Èyí nípọn. Ti ìgbéyàwó nìyí.
Èyí ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, kàlẹ́ńdà ni.
Èyí…"
Ó dákẹ́. Ó fi èékánná họ ọ́.
"Tàwọn olókùú rèé. Ta ló kú?"
"N kò mọ̀ ọ́n, Màmá."
"Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."
Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n o ká a lòdì.
Bébà ní ọ̀nà tó ń gbà lọ, bíi pákó.
Ìbú lo gbà ká a, ìdí nìyẹn tó fi sán létí."
Ọdún méje tí mo ti ń tẹ̀wé,
ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi.

Ó tú ọ̀kan,
ẹyọ kan ṣoṣo, pupa kàlẹ́ńdà,
ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún, ó fi ẹ̀yìn ìka nà án,
ó wá ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi rí i,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Mo gbé àtùpà súnmọ́ ọn.
"Gbé e sẹ́yìn," ló wí,
"ooru rẹ̀ ń mú mi.
Agolo dà?"