Má Gé E, Ká A Sínú

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní Ìpẹru sọ pé ṣúgà ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi,
mi ò sunkún. Gàrí ni mo kọ́kọ́ dágbére fún,
gàrí olómi tútù, ẹ̀pà lórí,
tí mo ti ń mu láti kékeré.
Mo wá ń fẹsẹ̀ rìn láràárọ̀,
láti ilé wa dé ojú títì tó lọ sí Ṣàgámù.
Oṣù kìíní, kò sí nǹkan.
Oṣù kẹta, síkẹ́ẹ̀tì mi já bọ́ níwájú pátákó.
Mo fi ọwọ́ kan dì í mú,
mo fi ọwọ́ kejì parí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin
fún kíláàsì karùn-ún.

Ìlú kì í dákẹ́.
"Tísà, ṣé àlàáfíà ni ṣá?"
"Àbí wọn ò tíì sanwó oṣù ni?"
Ìyá Odùkọ̀yà tilẹ̀ gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ wá,
ó jókòó tì mí, ó ń ka òkèlè.
Kò mọ̀ pé ara tó lọ yìí,
èmi ni mo lé e.

Aṣọ ńkọ́? Àpótí kún, ìhòòhò ni mo wà.
Bùbá mọ́kànlá, kaba mẹ́sàn-án,
kóòtù tí mo wọ̀ lọ gba lẹ́tà ìgbéga:
gbogbo wọn ń pe ẹnìkan tó ti kó kúrò nílé.
Kí n rán tuntun? Owó dà?
Ara tó ṣì wà lójú ọ̀nà,
ta ní í rán aṣọ dè é kó tó dé?

Ọpẹ́ ni fún ìró.
Ìró kì í béèrè ìdí.

Èmi àti Olúfúnwá tí a jọ ń kọ́ni,
òun ń bọ̀, èmi ń lọ.
Ó bí ìbejì lọ́dún tó kọjá,
ara ò tíì gbọ́ pé àwọn ọmọ ti jáde.
Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan a tilẹ̀kùn yàrá ìkówèésí,
mo wọ tirẹ̀, ó wọ tèmi,
a rẹ́rìn-ín títí ọlọ́dẹ fi kanlẹ̀kùn.
Kóòtù náà bá a mu bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé ga.
Mo ní kó máa mú un lọ.
Ó dùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ní Ṣàgámù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òkìrìkà,
ṣòkòtò kan péré, onírọ́bà,
nítorí rọ́bà mọ bí a ti í bá ara tó ń yí padà gbé.
Mo ná an títí ojú ọlọ́jà fi pọ́n.
Ó ní, "Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú yìí!"
Mo ní, "Rárá o, Rẹ́mọ ni mí."

Èyí tó kù, mo kó o lọ bá Ṣẹ́fíù télọ̀.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, ó gbé àlùmọ́gàjí.
"Má gé e," mo ní, "ká a sínú."
Ó wò mí: "Ṣé ẹ tún fẹ́ padà ni?"
Mi ò dá a lóhùn.

Màmá mi máa ń rán aṣọ ọdún mi tóbi,
a ká etí rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́ta:
"Ìwọ ni yóò dàgbà bá a."
Lọ́dọọdún a ó tú ìlà kan,
ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ a sì máa hàn
bí ibi tí odò dé kó tó fà sẹ́yìn.

Lálẹ́ àná mo yí kaba sódì,
mo fọwọ́ tọ́ ohun tí Ṣẹ́fíù ká sínú,
ìka mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì.
Ibẹ̀ ni obìnrin ọjọ́sí ń sùn.
Mi ò lé e, mi ò jí i.

Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí.
Bàtà nìkan ni kò tóbi jù fún mi,
òun náà ni mo sì fẹ́ wọ̀.