Ẹni Tó Ń Na Ẹ̀wù sí Ọba

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, òrùn ń yan páánù lórí wa,
mo ya àkàbà sójú bọ́ọ̀dù:
ọba lókè téńté, dúúkù tẹ̀ lé e,
éèlì nísàlẹ̀, báróònì níbi tó kángun sílẹ̀.
Mo ní ẹ kọ ọ́, yóò jáde nínú ìdánwò.
Làtífátù, ọmọ apẹja, na ọwọ́:
"Àǹtí, kí ni wọ́n ń ṣe láàárọ̀?"

Mo ṣí ìwé, mo kà á fún wọn.
Ọ̀kan ń na ẹ̀wù sí ọba tó bá jí,
ọ̀kan ń di àbẹ́là mú títí oorun yóò fi gbé e lọ,
ọ̀kan ń ṣọ́ ẹṣin, ọ̀kan ń ṣọ́ kọ́kọ́rọ́,
ọ̀kan (kíláàsì ti bú sẹ́rìn-ín kí n tó parí)
ọ̀kan ń dúró ti ọba nílé ìyàgbẹ́,
tòun ti omi, tòun ti aṣọ ìnuwọ́.
Òun gan-an ni àwọn ìjòyè yòókù ń bẹ̀rù,
torí ibẹ̀ ni ọba ti ń sọ òótọ́.

"Agbépòó aládé!" Ṣàkírù ló ké látẹ̀yìn.
Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà há mi lọ́fun,
torí mo mọ ọkùnrin kan ní Pópó-Ọbà, ní Ẹ̀pẹ́ níbí,
tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n
gbé agboòrùn lé orí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá mi ni, Yẹkíní. Kò sí ìwé tó kọ orúkọ wọn.
Òjò ọ̀sà a pa wọ́n, orí ọba a gbẹ.
Àwọn ló ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Kábíyèsí:
wọ́n mọ ẹsẹ̀ tó ń wú, wọ́n mọ oṣù tó ń wú.
Àwọn olóyè olówó a yọ́ wá lábẹ́ igi àgbọn:
"Yẹkíní, báwo ni inú ọba lónìí?"
Wọ́n á ní, "Inú ọba, inú ọ̀sà ni.
Ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Ìwé náà ní, bí ọba bá wàjà nílẹ̀ ọ̀hún,
ìjòyè tó ni ọ̀pá funfun a ṣẹ́ ẹ sí méjì:
iṣẹ́ parí, ẹni tó rán mi ti lọ.

Bàbá mi ò ṣẹ́ nǹkan kan.
Wọ́n ká agboòrùn, wọ́n nu idẹ ọwọ́ rẹ̀ dán,
wọ́n gbé e fún ọmọdékùnrin kan tí kò kí wọn,
wọ́n sì gba etí omi wálé lábẹ́ òjò,
wọn ò yára.
Ìyá mi ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ rin gbingbin báyìí?"
Wọ́n ní, "Òjò yìí ti pẹ́ tó ti ń wá mi."

Aago méjì lù. Mo pa bọ́ọ̀dù rẹ́.
Nígbà tí mo délé, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà,
ọwọ́ ọ̀tún ò gbọ́ tiwọn mọ́ láti ọdún ààwẹ̀ tó kọjá.
Mo tú bọ́tìnnì,
mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù wọ́n lẹ́yìn,
mo na ẹ̀wù. Ọwọ́ ń wá ihò, kò rí i.
Mo bá a wá a.
"Kí lo kọ́ àwọn ọmọ lónìí?"
"Àwọn dúúkù ni, Bàbá."
"Ta ni wọ́n?"
Mo fa ọrùn ẹ̀wù náà tọ́.
Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná. Ẹ gbé apá kejì."