Eyín Dùùrù Kan

Ìwé àjákọ mẹ́ta ni Mosúnmọ́lá fi sílẹ̀
nínú àpò ìrẹsì, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ní Ìpẹ́rù.
Tàdáwà ti ń ṣá. Ẹyọ gààrí ti há sáàárín ewé.

Ìtàn ni. Bàbá kan wà nínú rẹ̀
tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀bá ọ̀nà,
eyín dùùrù kan sì yadi.
"Àárín gbùngbùn ló wà," ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
"ó funfun bíi tàwọn ìyókù,
ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́
afẹ́fẹ́ lásán ní í jáde, hàà,
bí èémí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì."

Ìjọ ti mọ̀ ọ́n lára. Bí orin bá ti débẹ̀
ẹnu ni wọ́n fi ń dí àyè rẹ̀, hùn-ùn,
tọmọdé tàgbà, títí kan ìyá elépo tó jókòó síta.
Ọdún ń gorí ọdún, bàbá ò pe oníṣẹ́.
Ó ní, "Kí ni ohùn kan ṣoṣo nínú ọgọ́ta?"

Mo kà á débẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.
Bàbá wa gan-an nìyẹn! Bó ṣe máa ń ká apá ẹ̀wù,
tó máa ń fẹsẹ̀ fún dùùrù bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ ìránṣọ.
Gbogbo ariwo ilé wa ló kó síwèé:
ajọ̀ Ìyá, ṣàà, ṣàà, lórí gbágùúdá,
páànù tó ń ta pàpà bí oòrùn bá mú un,
lọ́rì tó ń kérora gun òkè lọ sí Ṣágámù.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Bàbá Ṣóbándé ṣílẹ̀kùn fún mi, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.
"Dùùrù yìí kẹ̀? Kò yadi rí.
Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń nù ún."
Mo tẹ eyín àárín.
Ó dún.
Ó dún ketekete, ó gba àjà kan,
àdán méjì jábọ́ sínú ìmọ́lẹ̀.

Mo padà sílé, mo ṣí ìwé kìíní,
mo ka àwọn ọmọ bàbá inú ìtàn lórúkọ, lórúkọ.
Mẹ́fà.
Méje ni wá.
Mosúnmọ́lá ni ìkẹrin.

Bàbá wúkọ́ láti páálọ̀:
"Kí lo jókòó tì láti àárọ̀?"
Mo lanu.
Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.