Ìdúró Di Ọjà

Kò sí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kò sí koríko.
Yàrá ńlá kan ni, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní New York,
èéfín sìgá, ife kọfí oníbébà,
àti àwọn ọkùnrin onítáì tí wọ́n ń ka orúkọ inú ìwé.

Delbert Kuzma gbé kámẹ́rà lé èjìká, ó rẹ́rìn-ín.
"Ta ni yóò jókòó wo ẹni tó ń ka orúkọ?"
Ọ̀gá rẹ̀ ní: "Ìwọ ṣáà tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.
Wọ́n ka orúkọ kan. Lókè lọ́hùn-ún, ẹnì kan hó yèè,
ẹlòmíràn dorí kodò bí ẹni tí wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀.
Delbert yí kámẹ́rà kúrò lára ìwé,
ó kọjú rẹ̀ sí ènìyàn.
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí bọ́ọ̀lù bá ń yí
wá ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tẹ́nikẹ́ni ò tíì jù:
bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ kan ṣe fẹ̀ tó,
orúnkún wo ló ti yẹ̀ rí.
Èmi náà wò ó. N ò ní purọ́.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Delbert ti hewú
nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Youngstown, ní Ohio,
sí pálọ̀ Marvella Tolliver, ìyá Rondell.
Wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì,
kéèkì ń yọ́ lábẹ́ iná,
tẹlifóònù dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.
Orúkọ ogún. Orúkọ ọgbọ̀n.
Àbúrò rẹ̀ sùn lọ, tòun ti fìlà
ẹgbẹ́ tí kò mọ̀ wọ́n rí.
Orúkọ ọgọ́rin.
Ohùn kan ń sọ sí Delbert létí láti ọ̀nà jíjìn:
"Sún mọ́ ọn. Sún mọ́ ọn sí i. Omi ti ń lé lójú rẹ̀."

Marvella dìde. Kò pariwo.
Ó mú aṣọ ìnuwo láti ilé ìdáná,
ó fi bo ojú kámẹ́rà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà lé e.

Káàkiri Amẹ́ríkà, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án,
òwú lásán ni wọ́n wò,
àwòrán ápù wínníwínní, àbàwọ́n ọbẹ̀ kan.

Ohùn náà ń ké. Delbert yọ ọ́ kúrò létí.
Ó gbé kámẹ́rà jáde, tòun taṣọ.
Lẹ́yìn rẹ̀, tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí dún.
Kò yíjú padà:
ẹgbẹ́ kan ni o,
ìyá àgbà ni o, tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹun.