Ìlà Kan Lókè Ojú-ewé

Wọ́n ní ká mú aṣọ òtútù wá, pé ẹ̀rọ amúlétutù wà.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni iná ọba fi ṣe wá lálejò.
Lọ́jọ́ kẹrin a ṣí fèrèsé sí àpáta ńlá Ìkéré,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé bí arúgbó nínú ọyẹ́.

Obìnrin mọ́kànlá ni wá, níbi tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀.
Òórùn kòkó ò tíì kúrò lára ògiri.
Ìbídùnní gbé oyún oṣù méje wá.
Dúnmininú fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, owó oṣù mẹ́jọ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn.
Èmi Jọláadé, aránṣọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
mo gbé ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún gún wá,
mo gbé e lé bọ́tìnnì tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Báyòdé tó ń kọ́ wa ò ju àkọ́bí mi lọ.
Ó ní: ohunkóhun tí ẹ bá ṣí, ẹ rántí pa á dé.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ́ aránṣọ ní ìyẹn?
Okùn tí o kò bá so nídìí,
lójú agbo ni yóò tú mọ́ oníbàárà lára.
Síbẹ̀ mo gbàgbé. Lọ́sẹ̀ kejì, àmì kan
tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, mo fò ó,
ojú-ewé mi funfun báláú, kò fọhùn.
Láti aago mẹ́wàá ni mo ti ń wá a, ẹ̀bà mi di òkúta.

Ọkọ mi bi mí: "Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?"
Mo ní, "Kò tíì."
"Kò tíì" yẹn la jọ sùn lé fún oṣù mẹ́rin,
ó le ju ẹní lọ.

Lópin, wọ́n ní kí oníkálùkù kọ́ ojúlé kan sórí ayélujára
fún ẹni tó bá wù ú.
Mo yan ìyá mi, tó ń mọ ìkòkò n'Ìṣàn.
Mo to àwòrán ìkòkò mẹ́fà, mo kọ iye owó sábẹ́ wọn,
mo kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sókè,
mo tẹ bọ́tìnnì. Ìyá mi ò sí níbẹ̀.
Àpótí òfìfo, àmì ìbéèrè, àpótí òfìfo,
u, n, r, m ló kù
bí eyín lẹ́nu ọmọ ọdún méje.

Báyòdé họ orí. "Ẹ yọ àmì kúrò, màmá,
bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń kọ ọ́."
Mo yọ wọ́n. Osunremi.
Ta nìyẹn? Àlejò wo ló jókòó ti ìkòkò ìyá mi yìí?
N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí i.
Mo ní rárá.

Ìbídùnní ló rí i lóru, tòun ti ikùn ńlá, lórí fóònù:
ìlà kan ṣoṣo, lókè pátápátá,
tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé gba gbogbo èdè, má ṣàṣàyàn.
A ò fi í síbẹ̀. A rò pé ẹ̀rọ mọ̀.
Mo fi í síbẹ̀.
Ọ̀ṣunrẹ̀mí.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tèmi, Jímọ̀ la ó dá a padà.
Ní Ọjọ́bọ̀ mo wọkọ̀, mo gba Ìfàkì, mo gbé e délé.
Ìyá mi nu amọ̀ ọwọ́ sára ìró. Kò mọ̀wé,
kò wo orúkọ rárá, ìkòkò ló ń wò.
"Uṣẹ́ rẹ rèé?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní ìkòkò kejì yẹn ti sán, ta ló ní kí n fi hàn?
Kí n yọ ọ́ kí ẹnì kan tó fowó rà á.
Mo yọ ọ́.
Ó ń wo ọwọ́ mi títí mo fi parí.