Àpótí Iná Ẹgbẹ́ Oníkajú

Wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìsánlú nínú àpò sìmẹ́ńtì,
àpótí irin kan tí kò ju búrẹ́dì lọ,
wáyà rẹ̀ tú síta bí ìfun adìẹ.
Inú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ oníkajú ni wọ́n ti yọ ọ́,
èyí tí Bàbá Olúkòtún fi ń kọ orúkọ
ẹni tó yá owó àti ẹni tó san,
kí òun náà tó lọ sinmi lẹ́yìn ilé.
Ọdún méje. Kò sẹ́ni tó tan án.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò.
Ẹnìkan ti ti bọ́tìnnì pupa yẹn sí àrùndínlọ́gọ́fà!
Iná tiwa, lọ́jọ́ tó bá wá, igba ó lé ọgbọ̀n ni.
Ká ní mo kàn kì í bọ iná,
wọn ì bá gbóòórùn òkú rẹ̀ dé Mọpá.
Mo fi ìdí ṣíbí tì í padà.

Dúrótoyè ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tú u."
Mo ní má dán an wò. Àwọn agolo kéékèèké inú rẹ̀
mọ iná pa mọ́, wọ́n mọ ọn ta ènìyàn lójijì.
Páǹpù kẹ̀kẹ́ ni mo fi fẹ́ ẹ níhò:
erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ tú jáde,
àti èèpo ẹyin ọmọńlé méjì.

"Òkun o!"
Ọbájẹ́mú ló dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ẹni tí kò wọ ṣọ́ọ̀bù yìí rí láti ọjọ́ tí mo ti kọ́ ọ.
"Mo kàn ń kọjá ni. Ṣé nǹkan yẹn ṣì lè jí?"
A ò tíì mọ̀, mo wí.
"Ẹ má yọra yín lẹ́nu. Ohun tó kú ti kú."
Ó sì jókòó.

Wáyà aláwọ̀ ewé, ẹyọ kan ni;
dúdú ló pọ̀ bí èrò.
Mo tẹ ìkọ́ bébà, mo fi so ewé mọ́ dúdú,
mo wá so gílóòbù iwájú ọ̀kadà mọ́ yẹ́lò,
torí pówà tí kò ru ẹrù kankan,
ẹ má gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ kí NEPA tó rántí wa.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Fáànù mì, ó dúró.
Ó tún mì, bí arúgbó tó ń fẹsẹ̀ wá bàtà lábẹ́ ibùsùn,
ó wá yí.
Gílóòbù pọ́n, ó sì funfun.
Mo ti mítà bọ̀ ọ́: yẹ́lò, méjìlá ó dín fín-ín.
Pupa, márùn-ún géérégé.
Dúrótoyè ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí.

Ọbájẹ́mú bi mí bóyá ẹ̀rọ a máa gbàgbé.
Mo ní èyí kò mọ orúkọ ẹnì kankan, oúnjẹ nìkan ló ń gbé.
Orí kọ̀ǹpútà gan-an ṣì wà lọ́dọ̀ ìyàwó olóògbé,
lábẹ́ aṣọ, kò sí ohun tó ṣe é.

Wọ́n mú iná lọ.
Ẹ̀rọ ata ìsàlẹ̀ dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.
Àmọ́ fáànù ṣì yí, ó yí, ó tún yí,
lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti dákẹ́.
Ọbájẹ́mú wò ó títí ó fi dúró.

"Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún," ó wí. Kò wojú mi.
"Ta ni mo máa kó o fún báyìí?"